Orí Ìwé Ni Owó Ìlú Ti Ń Ṣòfò: Ohun Tí Mo Rí Ní Ẹ̀ka Ètò Ìṣúná

Nígbàkígbà tí ẹnìkan bá gbọ́ pé ẹ̀ka ètò ìṣúná ìpínlẹ̀ ni mo ti ṣiṣẹ́ títí mo fi fẹ̀yìn tì, ìbéèrè kan náà ni wọ́n máa ń bi mí: "Mà, ta ló ń kó owó wa lọ?" Ìbéèrè náà tọ́. Olè wà nínú iṣẹ́ ìjọba, kò sí ẹni tó lè sẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n nínú owó tó ṣègbé lójú mi, èyí tó pọ̀ jù kò bá ọwọ́ olè lọ. Ó bá òfin lọ ni. Wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé, ilé aṣòfin jíròrò lé e lórí, gómìnà buwọ́ lù ú, àwọn ọ̀dítọ̀ rí rìsíìtì rẹ̀, gbogbo rẹ̀ pé pérépéré, síbẹ̀ ará ìlú kò rí nǹkan kan gbà níbẹ̀. Irú òfò báyìí kì í sábà dé inú ìwé ìròyìn, adájọ́ kò sì lè dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi lórí rẹ̀. Òun ni mo mọ̀ dáadáa, òun ni mo sì fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ọjọ́ tí gómìnà bá gbé bọ́jẹ́ẹ̀tì lọ sí ilé aṣòfin ni bọ́jẹ́ẹ̀tì bẹ̀rẹ̀. Ní ọjọ́ yẹn, iṣẹ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí. Ṣáájú ìgbà yẹn, láàárín oṣù Keje sí oṣù Kẹsàn-án, ẹ̀ka wa máa ń kọ̀wé sí gbogbo ilé iṣẹ́ ìjọba pé kí wọ́n mú iye tí wọ́n fẹ́ ná lọ́dún tó ń bọ̀ wá. Ìwé náà yóò dé orí tábìlì ọ̀gá kan, ọ̀gá yóò tì í sọ́dọ̀ òṣìṣẹ́ kan tó mọ kọ̀ǹpútà lò, òṣìṣẹ́ náà yóò ṣí ti èṣí, yóò fi ìdá kan nínú mẹ́wàá lé e, yóò yí ọdún tó wà lókè ìwé padà, ó parí. Bí wọ́n bá béèrè owó àga àti tábìlì ní ọdún tí wọ́n kó wọ ilé tuntun, owó àga àti tábìlì yóò wà níbẹ̀ lọ́dún kejì, yóò wà níbẹ̀ lọ́dún karùn-ún. Kò sí ẹni tó jókòó gbìmọ̀ pọ̀ láti jí i. Kò kàn sí ẹni tó yọ ọ́ ni.

Lẹ́yìn èyí ni ìjókòó tí ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan yóò ti wá gbèjà ohun tó béèrè. Àwọn tó jókòó láti gé owó mọ̀ pé àwọn tó wá béèrè ti bù kún un. Àwọn tó wá béèrè mọ̀ pé wọn yóò gé e. Nítorí náà ẹni tó nílò ọgọ́rùn-ún mílíọ̀nù yóò béèrè igba, wọn yóò gé e sí àádọ́fà, onílé yóò gbọ́, àlejò yóò gbọ́, gbogbo wọn yóò jáde pẹ̀lú ìdùnnú. Ẹni tó bá sọ òtítọ́ ló máa ń jìyà. Mo rántí ọ̀gá kan tó ń darí ilé iṣẹ́ kékeré kan, ènìyàn jẹ́jẹ́, tó mú ìwé iye ọjà wá láti fi hàn pé ohun tí òun béèrè gan-an ni òun nílò. Wọ́n gé tirẹ̀ bí wọ́n ṣe gé ti gbogbo ayé. Iṣẹ́ rẹ̀ dúró láàárín ọdún nítorí owó tán. Ní ọdún tó tẹ̀lé e, òun náà bù kún tirẹ̀, mi ò sì lè bá a wí. Ètò tó ń fìyà jẹ olóòótọ́ báyìí kò lè tọ́jú owó, bó ti wù kí àwọn tó wà nídìí rẹ̀ jẹ́ ènìyàn rere tó.

Orúkọ tí wọ́n ń kọ sílẹ̀ tún dá kún un. Ẹ wo ìwé bọ́jẹ́ẹ̀tì ìpínlẹ̀ yòówù, ẹ óò rí "àtúnṣe ilé iṣẹ́", "ìdánilẹ́kọ̀ọ́ òṣìṣẹ́", "ìrànlọ́wọ́ fún àwọn ènìyàn", "àwọn ìnáwó mìíràn". Àtúnṣe kí ni? Òrùlé ni àbí ilẹ̀kùn? Ta ni wọ́n fẹ́ dá lẹ́kọ̀ọ́, níbo, fún kí ni? Orúkọ tí kò ní ibi, tí kò ní iye, tí kò ní olówó, kò sí ẹni tó lè béèrè ìdí rẹ̀ nígbà tí ọdún bá parí, nítorí ohunkóhun tí wọ́n bá ṣe, ó bá orúkọ náà mu.

Ọ̀gá kan kọ́ mi ní ohun tí mo fi ń wo gbogbo èyí. Obìnrin ni, Màmá ni gbogbo wa ń pè é. Bí òṣìṣẹ́ kan bá dé iwájú rẹ̀ tó ní àwọn fẹ́ ra kọ̀ǹpútà, Màmá kì í bi í ní iye tó jẹ́. Ohun tó máa ń bèèrè ni, "Ti èṣí dà?" Ìyẹn nìkan. Ó fẹ́ mọ iye tí wọ́n rà, yàrá tó wà, ẹni tó ń lò ó. Ìyàwó ilé tó bá ń lọ sọ́jà yóò kọ́kọ́ ṣí àpótí oúnjẹ wò kó tó mọ ohun tó kù tó fẹ́ rà, ṣùgbọ́n ìjọba ń lọ sọ́jà lọ́dọọdún láì ṣí àpótí wò rárá. Ìgbà àkọ́kọ́ tí Màmá ní kí ilé iṣẹ́ kan mú àkọsílẹ̀ gbogbo kọ̀ǹpútà tí wọ́n ti rà wá, wọ́n lọ, wọn kò padà wá fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Nígbà tí wọ́n máa dé, wọ́n ti yọ owó kọ̀ǹpútà kúrò fúnra wọn.

Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ kéde pé bọ́jẹ́ẹ̀tì ọdún 2016 yóò bẹ̀rẹ̀ láti orí òdo, inú mi dùn gan-an. Ohun tí Màmá ń ṣe ni wọ́n fẹ́ sọ di ètò: kí ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan má wo ti èṣí mọ́, kó ṣàlàyé gbogbo náírà láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọ̀nà yìí kì í ṣe tuntun. Peter Pyhrr ló lò ó ní ilé iṣẹ́ Texas Instruments ní Amẹ́ríkà, Jimmy Carter mú un wọ ìjọba ìpínlẹ̀ Georgia nígbà tó ń ṣe gómìnà níbẹ̀, ó sì gbé e dé ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà nígbà tó di Ààrẹ ní 1977. Nígbà tí Ààrẹ Reagan dé ní 1981, wọ́n pa á tì, nítorí ìwé tó ń fẹ́ ti pọ̀ ju agbára àwọn òṣìṣẹ́ lọ. Ẹni tó bá fẹ́ gbé e wá sí Nàìjíríà yẹ kó ti kọ́gbọ́n níbẹ̀.

Ẹ wo ọjọ́ rẹ̀. Wọ́n búra fún Ààrẹ Buhari ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún 2015. Ọjọ́ 11 oṣù Kọkànlá ni wọ́n tó búra fún àwọn mínísítà. Ní ọjọ́ 22 oṣù Kejìlá, bọ́jẹ́ẹ̀tì tó jẹ́ 6.08 tírílíọ̀nù náírà ti wà níwájú ilé aṣòfin. Mínísítà tí kò tíì mọ orúkọ àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ tán, báwo ni yóò ṣe ṣàlàyé gbogbo náírà láti orí òdo láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà? Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni ohun tí ẹnikẹ́ni tó mọ iṣẹ́ wa ì bá ti sọ tẹ́lẹ̀: fáìlì àtijọ́ ni wọ́n ṣí. Nínú oṣù Kejì 2016, Ọ̀jọ̀gbọ́n Isaac Adéwọlé tó jẹ́ mínísítà ètò ìlera sọ níwájú ìgbìmọ̀ ilé aṣòfin àgbà pé ohun tó wà nínú ìwé náà kì í ṣe ohun tí ilé iṣẹ́ òun kọ. Nínú oṣù yẹn kan náà ni wọ́n yọ ọ̀gá àgbà ẹ̀ka ètò ìṣúná ìjọba àpapọ̀ nípò. Àwọn oníròyìn tún rí i pé owó iṣẹ́ àkànṣe tí wọ́n kọ fún ilé ìwòsàn inú Aso Rock, 3.87 bílíọ̀nù náírà, ju àpapọ̀ ti àwọn ilé ìwòsàn yunifásítì ìjọba àpapọ̀ lọ. Ní oṣù Kẹwàá 2017, ìyàwó Ààrẹ fúnra rẹ̀, Aisha Buhari, dìde ní gbangba, ó ní kò sí abẹ́rẹ́ kan ṣoṣo ní ilé ìwòsàn náà.

Èyí dùn mí ju bí ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ olè ṣe ń dùn mí lọ, nítorí àtúnṣe tó dára ni wọ́n fi ìkánjú bà jẹ́. Lẹ́yìn rẹ̀, bí o bá dárúkọ "láti orí òdo" níbi ìpàdé, àwọn ènìyàn á máa wo ara wọn lójú.

Ohun tí a ṣe ní ìpínlẹ̀ tiwa kéré ju ìyẹn lọ, ó sì so èso. A kò fọwọ́ kan gbogbo ilé iṣẹ́. Ìwọ̀nba díẹ̀ ni a mú lọ́dún kan, a sì fún wọn ní àkókò tó gùn. Ohun tí a rí nínú àwọn díẹ̀ yẹn yà mí lẹ́nu. Owó epo dísù ń wọlé fún ẹ̀rọ amúnáwá kan tí ó ti bàjẹ́ tipẹ́, tí ẹlòmíràn sì ti wú mọ́tò rẹ̀ lọ. Owó ilé gbígbé ń wọlé fún ilé kan tí ìjọba ti kó kúrò nínú rẹ̀. Onílé kò rí kọ́bọ̀ gbà níbẹ̀ o. Wọ́n ń yí owó náà sí nǹkan mìíràn láàárín ọdún ni, pẹ̀lú ìwé àṣẹ tó pé. Èyí ló mú kí n mọ̀ pé òkú orúkọ inú bọ́jẹ́ẹ̀tì wúlò fún àwọn kan. Ibẹ̀ ni wọ́n ń tọ́jú owó sí, kí wọ́n lè fi ṣe ohun tí wọn kò ní lè gbèjà ní ojú gbogbo ènìyàn.

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ àkànṣe, torí ibẹ̀ ni owó pọ̀ sí.

Ìlú kékeré kan wà tí mo bá ìgbìmọ̀ àbẹ̀wò lọ. Nínú ọgbà ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ wọn, kànga ẹ̀rọ mẹ́ta ló wà níbẹ̀. Ìjọba ìbílẹ̀ gbẹ́ ọ̀kan, ilé iṣẹ́ ìpínlẹ̀ gbẹ́ èkejì, ẹ̀kẹta jẹ́ ti iṣẹ́ àkànṣe ẹkùn ìdìbò tí aṣòfin kan gbé wá láti Àbújá. Kò sí èyí tó ń pọn omi. Lára ti àkọ́kọ́, pọ́ǹpù nìkan ló bàjẹ́. Iye tí wọn ì bá fi ra pọ́ǹpù mìíràn kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó tí wọ́n fi gbẹ́ èkejì, ṣùgbọ́n kò sí ibì kankan nínú bọ́jẹ́ẹ̀tì tí a ti lè rí owó pọ́ǹpù. Owó wà fún kànga tuntun, kò sí owó fún àtúnṣe. Bàbá tó ń ṣe alága àwọn òbí bá wa sọ̀rọ̀ tẹ̀ríba-tẹ̀ríba: "Ẹ̀yin ará ìjọba, ẹ ṣeun, Ọlọ́run yóò san án fún yín. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má gbẹ́ òmíràn fún wa mọ́. Pọ́ǹpù ni kí ẹ bá wa rà."

Ó rọrùn láti ní àwọn aṣòfin ló fà á. Wọ́n ní ẹ̀bi tiwọn. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ọgọ́rùn-ún bílíọ̀nù náírà ni wọ́n ń yà sọ́tọ̀ lọ́dọọdún fún iṣẹ́ àkànṣe ẹkùn ìdìbò ní Àbújá, Ààrẹ Buhari sì sọ ní oṣù Kọkànlá 2019 pé nínú ọdún mẹ́wàá, tírílíọ̀nù kan náírà ti wọ ibẹ̀ láì jẹ́ pé àwọn mẹ̀kúnnù rí èrè rẹ̀. Àjọ ICPC, tó ń gbógun ti ìwà ìbàjẹ́, bẹ̀rẹ̀ sí í tọpa àwọn iṣẹ́ náà kiri. Ṣùgbọ́n ìwé mẹ́ta ló bí kànga mẹ́ta yẹn, kò sì sí ẹni tó tẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sórí tábìlì kan. Bọ́jẹ́ẹ̀tì tiwa kọ "pípèsè omi fún àwọn ilé ìwé, ẹkùn ààrin gbùngbùn". Ká ní wọ́n kọ orúkọ ilé ìwé náà ni, òṣìṣẹ́ kékeré kan nínú wa tó jẹ́ ọmọ ìlú yẹn ì bá ti pariwo kí wọ́n tó gbẹ́ ẹ.

Iṣẹ́ tí wọ́n pa tì tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìgbìmọ̀ tí Ààrẹ Jonathan gbé kalẹ̀ ní 2011 ka iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ 11,886 tí wọn kò tíì parí, wọ́n ní yóò gba 7.78 tírílíọ̀nù náírà láti parí wọn. Ẹ fi iye yẹn wé bọ́jẹ́ẹ̀tì 2016 tí mo dárúkọ lókè, ẹ óò rí i pé bí ìjọba bá dáwọ́ ohun gbogbo dúró, tí kò san owó oṣù, tí kò san gbèsè, owó ọdún kan gbáko kò lè parí ohun tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Síbẹ̀, ọdọọdún ni wọ́n ń fi tuntun kún un. Ohun tó ń fà á kò ṣòro láti mọ̀: gómìnà tàbí mínísítà tó bá parí iṣẹ́ ẹni tó ṣáájú rẹ̀, ẹni tó ṣáájú ni wọn yóò kọ orúkọ rẹ̀ sára ògiri. Nínú gbogbo òfin tí mo rò pé ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan nílò, èyí ni mo fi ṣíwájú: kí iṣẹ́ tuntun má wọ ìwé títí owó yóò fi wà fún àwọn tó ti kọjá ìdajì. Wọn yóò ní ó le jù. Mo ti gbọ́ ọ níbi ìpàdé púpọ̀. Èrò mi kò yí padà.

Ìgbà tí owó ń jáde náà ń ba nǹkan jẹ́. Bọ́jẹ́ẹ̀tì ìjọba àpapọ̀ ti 2016, oṣù Karùn-ún ni wọ́n buwọ́ lù ú. Ti 2017 àti 2018, oṣù Kẹfà. Ti 2019, ìparí oṣù Karùn-ún. Ẹni tó bá mọ ojú ọjọ́ ilẹ̀ Yorùbá mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Bí owó ọ̀nà bá jáde ní oṣù Keje, inú òjò ni agbaṣẹ́ṣe yóò ti da ọ̀dà, tàbí kó dúró di ọ̀gbẹlẹ̀, tí ọdún yóò sì ti ń lọ sópin. Àgbàdo àkọ́rọ̀ kò dúró de ilé aṣòfin. Mo ti rí ajílẹ̀ tó dé lọ́wọ́ àgbẹ̀ nígbà tí wọ́n ti ń bó àgbàdo jẹ. Tó bá wá di oṣù Kejìlá, ìkánjú á bẹ̀rẹ̀: owó tí a kò bá ná yóò padà sápò ìjọba, wọn yóò sì ní a kò nílò rẹ̀, wọn yóò gé ti ọdún tó ń bọ̀. Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí kò sẹ́ni tó béèrè fún yóò wáyé ní hòtẹ́ẹ̀lì. Káúńtà táyà yóò kún. Ọkọ̀ ìjọba kò tó iye táyà tí mo ti rí kí wọ́n rà láàárín ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú Kérésì.

Nígbà tí wọ́n buwọ́ lu ti 2020 ní ọjọ́ 17 oṣù Kejìlá 2019, a yọ̀, a ní ó ti bọ́ sójú ọ̀nà. Fún ọdún mélòó kan, oṣù Kìíní ni ọdún ìnáwó ń bẹ̀rẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ọjọ́ 28 oṣù Kejì ni wọ́n buwọ́ lu ti 2025, wọ́n sì jẹ́ kí owó iṣẹ́ àkànṣe ti 2024 máa bá a lọ pẹ̀lú rẹ̀. Bọ́jẹ́ẹ̀tì méjì tó ń rìn pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, àti ẹni tó kọ ọ́ àti ẹni tó ń yẹ̀ ẹ́ wò, kò sí ẹni tó lè mọ èyí tí owó kan ti jáde dájú. Ó bà mí lọ́kàn jẹ́ láti rí i pé ohun tí wọ́n fi agbára kọ́ lè wó kíákíá bẹ́ẹ̀.

Àtúnṣe tó ṣiṣẹ́ tó sì dúró wà o. Èyí tó tóbi jù tí mo rí ni TSA, àpò kan ṣoṣo fún owó ìjọba. Kó tó dé, àjọ kọ̀ọ̀kan ní àkáǹtì tirẹ̀ ní báńkì tó wù ú. Owó ìjọba á sùn sí àkáǹtì kan, báńkì á gbé owó kan náà, á fi yá ìjọba, ìjọba á sì san èlé lórí owó ara rẹ̀. Àṣẹ tó jáde ní oṣù Kẹjọ 2015 fi òpin sí ìyẹn ní Àbújá. Nígbà tí ìpínlẹ̀ tiwa fẹ́ ṣe irú rẹ̀, ohun àkọ́kọ́ tí a béèrè ni iye àkáǹtì tí a ní. Kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n. Ilé iṣẹ́ ìṣúná kò mọ̀ ọ́n, ọ̀dítọ̀ àgbà kò mọ̀ ọ́n. Báńkì la kọ̀wé sí lọ́kọ̀ọ̀kan, a sì rí àkáǹtì tí àwọn tó ṣí i ti fẹ̀yìn tì, tí owó ṣì wà nínú rẹ̀. Àwọn kan bínú sí wa gidigidi nígbà yẹn, wọ́n ní a fẹ́ pa iṣẹ́ wọn. Nínú ìbínú yẹn, òtítọ́ díẹ̀ wà: ilé ìwòsàn kan kò rí owó òwú àti spírítì ná fún ìgbà díẹ̀ nítorí pé ohun gbogbo ní láti gba ọ̀fíìsì kan kọjá. Àtúnṣe tó dí ojú àpò ńlá gbọ́dọ̀ fi ihò kékeré sílẹ̀ fún ohun tí kò lè dúró. Ó gba àkókò kí àwọn ọ̀gá tó gbà bẹ́ẹ̀, wọ́n sì gbà níkẹyìn.

Ti IPPIS, ètò tí wọ́n fi ń san owó oṣù láti ojúkò kan, ti di mímọ̀ fún ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ó bẹ̀rẹ̀ ní 2007, ní 2016 ìjọba àpapọ̀ kéde pé àwọn ti yọ ayédèrú òṣìṣẹ́ tó lé ní 23,000 kúrò. Àwọn olùkọ́ yunifásítì ta kò ó títí wọ́n fi yọ yunifásítì kúrò nínú rẹ̀ ní oṣù Kejìlá 2023. Mi ò ní pẹ́ lórí ìyẹn.

Ohun tí mo fẹ́ kí àwọn ènìyàn ṣọ́ra fún ni ọ̀rọ̀ "gígé owó". Bí ìjọba bá kéde pé òun fẹ́ dín ìnáwó kù, ará ìlú á pàtẹ́wọ́. Mo ti wà nínú yàrá tí wọ́n ti ń gé e. Ohun tó rọrùn láti gé ni wọ́n ń gé: epo ọ̀kadà òṣìṣẹ́ tó ń lọ bá àgbẹ̀ lóko, iná fíríìjì tí wọ́n ń kó abẹ́rẹ́ àjẹsára ọmọdé sí, owó ìrìnnà olùbẹ̀wò ilé ìwé. Ilé ńlá kò ṣeé gé, wọ́n ti fi ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀ níwájú amóhùnmáwòrán. Ọkọ̀ ọ̀gá kò ṣeé gé. Òṣìṣẹ́ tí kò ní epo ọ̀kadà ṣì ń gba owó oṣù, nítorí náà gbogbo owó oṣù rẹ̀ ló wá di òfò, nítorí epo díẹ̀ tí wọ́n ní àwọn fi pamọ́.

Ìgékù tó nítumọ̀, òun ni wọ́n máa ń sá fún. Ìgbìmọ̀ Stephen Oronsaye, tí wọ́n ní kó wo bí àwọn àjọ ìjọba àpapọ̀ ṣe lè dín kù, jókòó ní 2011, ó gbé àbọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ ní oṣù Kẹrin 2012. Wọ́n ka àjọ ìjọba àpapọ̀ 541. Wọ́n ní kí 263 tí òfin dá sílẹ̀ di 161: kí wọ́n pa 38 rẹ́, kí wọ́n da 52 pọ̀, kí 14 padà di ẹ̀ka lábẹ́ ilé iṣẹ́ mínísítà. Ìwé náà wà lórí pẹpẹ títí di oṣù Kejì 2024 kí ìgbìmọ̀ aláṣẹ lábẹ́ Ààrẹ Tinubu tó ní kí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ lórí rẹ̀. Láàárín ìgbà náà, ilé aṣòfin kò dẹ́kun láti máa dá àjọ tuntun sílẹ̀. Àjọ kọ̀ọ̀kan ní òfin tó gbé e ró, ó ní ìlú tó wà, ó ní ọmọ ẹni tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Mínísítà tó bá fẹ́ pa á rẹ́ yóò bá gbogbo wọn jà, kò sì sí ẹnì kan tí yóò dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Nítorí èyí ni mo ṣe gbà pé ìgbà tó dára jù láti pa àjọ rẹ́ ni ìgbà tí wọ́n ń dá a sílẹ̀: kí òfin tó bí i sọ ọdún tí yóò kú, àyàfi bí wọ́n bá fi iṣẹ́ tó ti ṣe bẹ̀bẹ̀ fún ẹ̀mí rẹ̀.

Láti 2018 ni Báńkì Àgbáyé gbé ètò kan tí wọ́n ń pè ní SFTAS wá fún àwọn ìpínlẹ̀, pẹ̀lú 750 mílíọ̀nù dọ́là. Ìpínlẹ̀ tó bá gbé bọ́jẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì lásìkò, tó ń gbé ìròyìn ìnáwó jáde ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta, tó sì jẹ́ kí ọ̀dítọ̀ ṣiṣẹ́ rẹ̀, yóò gba owó. Ètò náà parí ní 2022. Ó dùn mí pé owó àjèjì ló mú wa fi ìwé wa han àwọn ọmọ wa, ṣùgbọ́n mi ò ní torí ìyẹn kọ àǹfààní rẹ̀. Kò pẹ́ sí ìgbà tí ìwé tiwa jáde ni olùkọ́ àgbà kan tó ti fẹ̀yìn tì wọlé sí ọ́fíìsì wa pẹ̀lú bébà lọ́wọ́. Ó dọ̀bálẹ̀ díẹ̀ kí ọ̀gá wa, ó jókòó, ó ní, "Ọmọ mi ló tẹ̀ ẹ́ jáde fún mi. Ẹ kọ ọ́ síbí pé ẹ ti ná owó sórí ògiri ilé ìwé wa. Mo gba ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ wá láàárọ̀ yìí. Ewúrẹ́ ló wà níbẹ̀." Ọ̀gá wa kò rí ohun kan sọ. Wọ́n pe ilé iṣẹ́ tó ni iṣẹ́ náà, ariwo pọ̀, wọ́n ní àṣìṣe ẹni tó tẹ ìwé ni. Wọ́n mọ ògiri náà kí ọdún tó tán.

Mo ti rí òfin ìnáwó, mo ti rí ìgbìmọ̀, mo ti rí Òfin Rírajà Ìjọba ti 2007 àti Òfin Ìṣọ́ra-náwó ti ọdún yẹn kan náà. Gbogbo wọn wúlò. Ṣùgbọ́n ìgbà tí bàbá yẹn wọlé ni mo tó rí òṣìṣẹ́ ìjọba tó yí ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ̀ padà láì sí ẹni tó pàṣẹ fún un. Ní ọdún tó tẹ̀lé e, ilé iṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ kọ orúkọ ilé ìwé kọ̀ọ̀kan, wọ́n kọ iye kíláàsì, wọ́n kọ àdúgbò. Wọ́n mọ̀ pé ẹnìkan yóò kà á, ẹni náà sì ń gbé ní ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀. Iṣẹ́ tí BudgIT, àjọ aládàáni kan, ti ń ṣe láti 2011, tí wọ́n ń tú bọ́jẹ́ẹ̀tì sí ohun tí mẹ̀kúnnù lè kà, tí àwọn ọmọ Tracka, ẹ̀ka wọn tó ń tọpa iṣẹ́ àkànṣe, sì ń gbé e lọ sí abúlé, ẹ̀rù irú bàbá yẹn ló fi ń ba àwọn tó ń kọ ìwé. Mo gbà á tọkàntọkàn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ṣókùnkùn sí jù báyìí ni ìjọba ìbílẹ̀. Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ti ní ní ọjọ́ 11 oṣù Keje 2024 pé kí owó wọn máa lọ bá wọn tààrà, láì gba ọwọ́ gómìnà. Ilé ẹjọ́ yẹn kan náà tún sọ ní 2025 pé Òfin Òmìnira Ìròyìn ti 2011, tó fún ará ìlú láṣẹ láti béèrè ìwé ìjọba, de gbogbo ìpínlẹ̀. Nítorí náà, àwa mélòó kan tí a ti fẹ̀yìn tì nínú ìlú wa, olùkọ́, nọ́ọ̀sì, àti èmi, kọ̀wé sí káńsù pé a fẹ́ rí bọ́jẹ́ẹ̀tì wọn. Wọ́n kọ́kọ́ dákẹ́. A kọ òmíràn, a dárúkọ òfin náà. Wọ́n pè wá, wọ́n gbé ìwé náà kalẹ̀, wọ́n ní a kò lè ṣe ẹ̀dà rẹ̀. A jókòó, a fi ọwọ́ dà á kọ: ojú ìwé ọ̀nà àti gọ́tà, ojú ìwé ilé ìlera. Lára rẹ̀ ni afárá kékeré kan tí wọ́n ní wọn yóò ṣe "lẹ́bàá ọjà". Ọjà tó wà nílùú wa ju ọ̀kan lọ. A ti bèèrè èwo ni. Akọ̀wé káńsù ní kí a padà wá nígbà tí ẹ́ńjíníà bá ti lọ wo ibẹ̀. A ti dá a lóhùn pé a ó bá ẹ́ńjíníà náà lọ.